Ebòlò Tí Ìbídùn Sè

"Níbo ni oúnjẹ yìí ti wá?"

Ìyá arúgbó kan ló bi àwọn ará ilé ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè yìí láyé àtijọ́, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Odò-Ọdán. Ó bi wọ́n lónìí, ó bi wọ́n lọ́la, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Inú ìbéèrè náà ni òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ ti jáde: kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò òwe náà? Ẹ̀fọ́ ni ebòlò. Kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí à ń gbìn. Fúnra rẹ̀ ló ń hù létí odò, nínú ẹgàn, àti níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti tutù. Òórùn rẹ̀ le, òórùn igbó gidi ni. Bí wọ́n bá ń sè é nínú ilé kan, ilé kẹta yóò mọ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sọ pé ìwà tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, òwe yìí la máa ń pa, a ó sì máa yínmú bí a ti ń pa á.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó rú mi lójú fún ìgbà pípẹ́. Bí òórùn ebòlò bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn baba wa kò fi sísè rẹ̀ sílẹ̀? Tẹ̀tẹ̀ wà, ṣọkọ̀ wà, gbúre wà. Kò sí èyí tó ń yọ ará ilé kẹta lẹ́nu nínú wọn. Ẹni tó ń se ebòlò mọ̀ dájú pé yóò rùn, ó sì ń sè é síbẹ̀. Ìtàn ìyá arúgbó yìí ló tú àlọ́ náà fún mi.

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Abúlé oko kan tó ń jẹ́ Ìdí-Àfọ̀n ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, Ajétúnmọbí, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àkànmú, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Àwẹ̀ró kò ní ẹran, kò ní ẹja. Iṣu wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó bá ṣẹ́kù sínú ebè lẹ́yìn tí àwọn olóko bá ti wa tiwọn tán, òun ni yóò lọ hú. Ebòlò tó bá hù létí odò, òun ni yóò já. Iyán àti ebòlò lónìí, ẹ̀bẹ àti ebòlò lọ́la. Ìgbà mìíràn wà tí iṣu kò sí rárá, tó jẹ́ ebòlò nìkan. Ohun tí tìyá-tọmọ fi la ọdún wọ̀nyẹn já nìyẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ oko ẹgbẹ́ Ajétúnmọbí fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní Ewúrẹ́ Àwẹ̀ró, wọ́n ní ewé nìkan ló ń jẹ.

Ọmọ náà gbọ́ orúkọ yìí títí, ó fi sọ́kàn. Nígbà tó di ọkùnrin, ó wá sí Odò-Ọdán, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta iyọ̀. Òwò náà gbè é. Ó kọ́ ilé, ó fẹ́ Ìbídùn, ọmọ bíbí ìlú náà, níyàwó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gún régé tán, ó lọ sí Ìdí-Àfọ̀n, ó mú ìyá rẹ̀ wá sílé.

Kò sí obìnrin àdúgbò wọn tí kò mọ ọwọ́ Ìbídùn nídìí ààrò. Oúnjẹ tí gbogbo ayé ń sè náà ni yóò sè, ṣùgbọ́n kò ní ṣàì fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Bó bá ń se àsáró, yóò sun iṣu díẹ̀ nínú eérú gbígbóná, yóò rún un sínú ìkòkò kí òórùn iná lè wọ oúnjẹ náà. Bó bá se èkuru, yóò yan ẹ̀gúsí, yóò gún un kúnná, yóò bù ú wọ́n ọn lórí. Àwọn obìnrin a máa bi í pé, "Ìbídùn, kí lo fi sí i?" Òun náà a na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wọn, a ní, "Àwọn wọ̀nyí ni."

Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró dé, Ajétúnmọbí pe ìyàwó rẹ̀ síwájú ìyá náà.

"Ìbídùn, wo ìyá mi dáadáa. Ebòlò ni obìnrin yìí fi wò mí dàgbà. Ó ti jìyà ewé tó. Láti òní lọ, ebòlò kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mi. Ẹran ni, ẹja ni, ìgbín ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, baálé mi."

Àwẹ̀ró wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Olódùmarè kò ní jẹ́ kí tìrẹ bàjẹ́."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá arúgbó náà ń jẹun dáadáa, ó sì ń yin ìyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń jẹ ìdajì. Nígbà tó tún yá, òkèlè díẹ̀ ni yóò mú, yóò wá rọra ti àwo náà síwájú, yóò gbójú sókè, yóò sì béèrè pé:

"Níbo ni oúnjẹ yìí ti wá?"

Ajétúnmọbí rò pé ìyá òun ń sọ pé ẹran inú ọbẹ̀ kò tó. Ìbídùn rò pé ó ń fura sí òun, pé bóyá òun kì í sè é nílé, pé òun ń lọ rà á níta. Ó fẹ́ dáhùn pé, "Inú ìkòkò mi ni, Ìyá," ṣùgbọ́n ó rò ó pé ó lè dún bí ìwọ̀sí, ó sì gbé e mì. Báyìí ni oníkálukú ṣe ń wo ojú ẹnì kejì rẹ̀ títí ìyá arúgbó náà yóò fi wọ yàrá lọ.

Ọwọ́ Ìbídùn kò dúró. Ó gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ mọ́ iyán kó lè rọ̀. Ó fi ìgbín sínú ọ̀ọ̀lẹ̀. Ó po oyin mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ó bu gúgúrú lé e. Àwẹ̀ró tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, ó yìn ín, ó sì tì í síwájú. Ìró tó ń ró lẹ́ẹ̀kan wá di èyí tó ń yí i ká bí ewé ẹ̀kọ. Wọ́n fún un ní àgbo, kò sí àrùn tí àgbo náà bá jà. Kò pẹ́ tó fi di pé ẹnìkan ní láti dì í mú kó tó lè dìde lórí ẹní.

Ajétúnmọbí kò lè sùn mọ́. Ó ní, "Bí ìyá mi bá kú báyìí, ohun tí wọn yóò máa sọ ní Ìdí-Àfọ̀n ni pé èmi ni mo wá mú un lọ pa. Ebi kò pa á níbi tí kò ti sí oúnjẹ, ibi tí oúnjẹ wà ni ebi fẹ́ ti pa á."

Obìnrin kan wà ní ilé kejì tó ń jẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀dé. Ó dàgbà ju Ìbídùn lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lọ́jọ́ kan ó yọjú sí ilé ìdáná, ó bá Ìbídùn níbi tó jókòó sí tó ń wo àwo ọ̀ọ̀lẹ̀ kan.

"Ìyàwó, kí lò ń wò báyẹn? Ṣé ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

"Ọ̀ọ̀lẹ̀ Ìyá ni. Wọn ò jẹ ẹ́."

"Gbé e wá. Èmi ò ṣàìsàn."

Ó jókòó, ó bu ú sẹ́nu, ó di ojú. "Háà! Ọwọ́ rẹ yìí, wọn ì bá gé e fún mi kí n lọ fi wá ọkọ. Ṣé o ti bi ìyá ọkọ rẹ léèrè ohun tó fẹ́ jẹ?"

"Kí n bi wọ́n? Ṣé kó wá dà bí ẹni pé n kò mọ oúnjẹ sè?"

"Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n sè. Ìyá kò sì jẹ ẹ́. Èwo lo fẹ́ dì mú nínú méjèèjì? Dìde, lọ bi í."

Ìbídùn wọ yàrá lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀ ń fẹ́ tí n kò tíì sè?"

"Kò sí, ìyàwó mi. Oúnjẹ rẹ dùn. Adùn rẹ̀ ju ẹnu mi lọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ máa ń béèrè ibi tó ti wá."

Ìyá arúgbó náà yíjú sí i. Ó ní, "Lóko, bí mo bá ti ṣí ìkòkò báyìí, imú mi ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi pé etí odò nìyí, abẹ́ igi nìyí, ibi tí òjò rọ̀ sí lánàá nìyí. Bí mo bá ṣí tìrẹ, òórùn oúnjẹ ni mo ń gbọ́. N kò gbọ́ òórùn ibì kankan."

Ìbídùn rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ebòlò ni, Ìyá?"

Kíá ni Àwẹ̀ró ju ọwọ́. "Ta ló dárúkọ ebòlò? Ọmọ mi ń pa ẹran fún mi, kí èmi wá máa béèrè ewé lọ́wọ́ rẹ̀? Má jẹ́ kó gbọ́ ọ o. Ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́."

Ìbídùn dìde, ó ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ ń bẹ lọ́tùn-ún, ẹ̀mí ìyá ọkọ ń bẹ lósì. Ó rò ó títí, ó sì pinnu pé òun yóò se ebòlò fún ìyá náà, ṣùgbọ́n òun yóò sè é lọ́nà tí imú ọkọ òun kò fi ní mọ̀. Òun tó ti ń fi ọdún gbogbo wá bí oúnjẹ yóò ṣe ta sánsán, bí yóò ṣe pa òórùn ló wá ń wá báyìí.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Ajétúnmọbí ti jáde lọ sídìí iyọ̀ rẹ̀, Ìbídùn já ebòlò, ó fi ìró bò ó, ó gbé e wọlé. Ó bọ̀ ọ́, ó fún un, ó da omi rẹ̀ nù. Ó fi imú sí i: ó ń rùn. Ó bu iyọ̀ sí i, ó tún un fọ̀, ó tún un bọ̀, ó tún un fún. Ó ń rùn síbẹ̀. Ó gbé epo kaná, ó da ata sí i, ó da irú púpọ̀ sí i. Òórùn irú kọ́kọ́ gbòde lóòótọ́, inú Ìbídùn sì dùn. Àfi bí ebòlò náà ṣe là á kọjá bí ẹni tó ń wá ọ̀nà láàárín èrò. Ó fi ẹja gbígbẹ sí i. Ó fi ìgbín sí i. Ó já ẹfinrin, ó dà á lé e lórí, ó fi ọmọrí dé e, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀dé wá láti òdì kejì ògiri. "Ìyàwó! Ta ló gbé oko wá sí àdúgbò?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́!"

"Bí èmi bá dákẹ́, ṣé òórùn náà yóò dákẹ́?"

Ibi tí wọ́n ti ń bá a lọ nìyẹn tí Ajétúnmọbí fi wọlé, òun àti àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. Bí wọ́n ti fìdí lélẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà gbé imú sókè.

"Ajétúnmọbí, ṣé ilé la wọ̀ yìí àbí ẹgàn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ajétúnmọbí kò rín. Òórùn náà ti bá a, ó sì ti gbé e padà sí Ìdí-Àfọ̀n, sáàárín àwọn ọmọ tó ń pè é ní ewúrẹ́. Ó dìde, ó kọrí sí ilé ìdáná.

"Ìbídùn, kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

"Ọbẹ̀ ni, baálé mi."

"Ọbẹ̀ kí ni?"

Ajétúnmọbí ṣí ìkòkò. Ooru náà gbá a lójú. Ó mú àkísà, ó fi gbé ìkòkò náà kúrò lórí ààrò, ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láti lọ dà á nù.

"Ta ló dé láti oko?"

Gbogbo wọn yíjú. Àwẹ̀ró ni. Ẹni tí wọ́n ń dì mú kó tó lè dìde, òun nìkan ló ń bọ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ń tọ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ń wá ènìyàn.

"Mo gbọ́ òórùn wọn láti orí ẹní. Ta ló dé? Ẹ ò sì pè mí!"

Ìkòkò náà wúwo lọ́wọ́ Ajétúnmọbí. Ó ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó dé. Ebòlò ni. Ìyàwó mi ló ṣàìgbọràn, mo sì fẹ́ dà á nù."

"Ebòlò?" Ìyá arúgbó náà jókòó sórí ilẹ̀, níbi tó wà gan-an, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Gbé e sílẹ̀."

"Ìyá..."

"Àkànmú, mo ní kí o gbé e sílẹ̀. Ìyàwó, iyán dà?"

Ó jẹun. Ó gé òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu; ó tún gé òmíràn kó tó gbé ti ẹnu mì. Ó lá ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ìdí àwo ń yọ, ó ní kí wọ́n bu sí i. Ẹ̀yìn èyí ló tó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lókè rẹ̀ bí òpó.

"Ta ló sọ fún ọ pé ebòlò ni ìyà?"

"Ìyá, òun náà la jẹ nígbà tí ìyà ń jẹ wá."

"Ìyà ni ọjọ́ tí mo wá a tí n kò rí i. O kò mọ ọjọ́ wọ̀nyẹn, o kéré. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá rí i ni ìwọ ń yó, tí o sì ń sùn. Òun ló bá mi tọ́ ọ. O wá dé ìlú, o tì í mọ́ta, o ní nítorí mi ni."

Ajétúnmọbí rọra jókòó. Ìbídùn kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Baálé mi, ẹ foríjì mí. N kò fẹ́ tàpá sọ́rọ̀ yín. Mo fẹ́ kí Ìyá jẹ ẹ́ kí ẹ má mọ̀ ni. Mo bọ̀ ọ́, mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo da irú lé e, mo da ẹfinrin lé e. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo ṣe."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àwẹ̀ró, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní láti fún un lómi mu. "Ìwọ ọmọ yìí! O fẹ́ se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́? Kò sí bí a ṣe lè sè é! Irú rẹ dára, ẹfinrin rẹ dára, n kò jẹ irú èyí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ṣùgbọ́n bí kò bá rùn ìgbẹ́, ta ni ì bá wá jí mi lórí ẹní?"

Àlejò tó kọ́kọ́ gbé imú sókè ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wú ikọ́. "Ẹ fún mi lómi kí n fọ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́. Oko ni wọ́n bí èmi náà sí o."

Wọ́n bu tirẹ̀. Wọ́n bu ti èkejì rẹ̀. Ajétúnmọbí kò dúró kí wọ́n bu tòun. Inú àwo ìyá rẹ̀ ló ti mú òkèlè, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn. Nígbà tó yá ni ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Wọn kì í tà á lọ́jà ìlú yìí. Ọwọ́ ta lo ti rí i?"

Ìbídùn fi ẹnu júwe ẹ̀yìnkùlé.

Ajétúnmọbí jáde síbẹ̀. Nídìí ògiri, lábẹ́ fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ gbogbo ilé ń gbà kọjá, ebòlò ti fi òjò àkọ́rọ̀ hù, ó ṣùpọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì ti bo ẹ̀gbẹ́ òkúta tí òun fúnra rẹ̀ ń dúró lé wẹ̀ láràárọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń já a.

Àwọn àlejò méjèèjì ló mú ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró jáde nílé náà, ọ̀rọ̀ náà sì di òwe. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi aṣọ, owó tàbí èdè àjèjì bo ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọn tàbí ibi tó ti wá, tí ohun tó ń bò náà sì ń yọ jáde, wọn a ní kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Èébú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀, ẹlòmíràn sì ń pa á bí èébú lóòótọ́. Ní ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ pa á, ẹ̀rín ni ìyá arúgbó kan ń rín, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwo, ara rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò.